Ọsán Já, Ọrun Kò Di Ọ̀pá

Bí mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn mi wọ ilé yín yìí, ohun tí ó ń yí lọ́kàn mi ni ọ̀rọ̀ kan tí àwọn baba wa máa ń sọ nígbà tí agbára bá tán lára ẹni tí ó ti jẹ́ alágbára rí, tàbí nígbà tí ọwọ́ ikú bá tẹ ẹni tí gbogbo ìdílé gbójú lé: wọn a ní ọsán já, ọrun di ọ̀pá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò mọ ọrun ju èyí tí a yà sínú ìwé lọ, ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Igi tí a tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni ọrun; awọ tàbí okùn líle tí a fi so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni à ń pè ní ọsán; ọsán yìí ni kì í jẹ́ kí igi náà sinmi, òun náà ni ó ń ti ọfà jáde. Ọjọ́ tí ọsán bá já, igi yóò nà gbọọrọ, ohun tí ó ń pa ẹkùn lánàá yóò sì di ohun tí ọmọdé fi ń lé ewúrẹ́.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lálẹ́ òní, ọsán tirẹ̀ já ní ọdún 1959, lórí ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Olùkọ́ ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, Margaret Maughan ni orúkọ rẹ̀. Òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Bìrìtéènì tí ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà níbi eré ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara tí gbogbo ayé ń pè ní Paralíńpíìkì lónìí. Bí ó bá ṣe pé ìdílé ọdẹ ní ilẹ̀ wa ni wọ́n bí i sí, àwọn oníjàálá kì bá ti jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ gbẹ lẹ́nu wọn: a-jókòó-ta-ọfà-bí-ẹni-dúró, obìnrin tí kẹ̀kẹ́ gbé tí kò gbé ojú kúrò lára àmì, ìyá olùkọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sùn tí apá rẹ̀ kò tòògbé.

Ìtàn ẹni bí èyí, láti ọjọ́ ìkómọjáde ni àwọn akọ̀wé máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ tèmi nínú bọ́ọ̀sì kan ní ìlú Róòmù, nítorí pé ibẹ̀ ni ògo ti ká a mọ́, nígbà tí kò múra sílẹ̀ dè é.

Oṣù September ọdún 1960 ni. Eré Òlíńpíìkì ti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé ti parí ní Róòmù ní ọjọ́ 11 oṣù náà, àwọn eléré ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n ti lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18, àwọn eléré mìíràn tún wọ ìlú, wọ́n tó bí 400, wọ́n ti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20 wá, gbogbo wọn pátá ni ó sì jókòó lórí àga oníkẹ̀kẹ́, èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní kẹ̀kẹ́ arọ, nítorí pé kìkì àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ti fara pa ni eré ìgbà náà wà fún. Ọjọ́ 25 ni wọ́n ṣe é parí, ìyẹn ni ọjọ́ mẹ́fà kí a tó fa àsíá Nàìjíríà sókè ní Èkó, kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ mi lè fi mọ bí ọjọ́ náà ti jìnnà tó.

Margaret wà nínú àwọn obìnrin tí ń ta ọfà. Ọfà 72 ni olúkúlùkù wọn ní láti ta: 24 láti ibi tí ó jìnnà sí àmì ní 50 yáàdì, 24 láti 40 yáàdì, 24 láti 30 yáàdì; bí gbogbo rẹ̀ bá sì parí, àwọn adájọ́ yóò ka ibi tí ọfà kọ̀ọ̀kan bà, wọn yóò ro ó pọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò irú èyí kì í yá. Nígbà tí Margaret ta ọfà tirẹ̀ tán, ó kó apó àti ọrun rẹ̀ jọ, ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sídìí bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wọn padà sí ibùwọ̀, wọ́n sì gbé e sókè. Ẹ má ṣe gbàgbé pé bọ́ọ̀sì ayé ìgbà náà kò ní pákó tí a fi ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè. Ènìyàn ni ó ń fi apá gbé ènìyàn, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àga rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ti jókòó, ó ń retí kí wọ́n máa lọ, ni àwọn òṣìṣẹ́ eré náà dé, tí wọ́n ń bèèrè pé níbo ni Margaret Maughan wà, wọ́n ń wá a níbi tí wọ́n ti ń pín àmì ẹ̀yẹ. Ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé òun ni òun ṣe ipò kìn-ín-ní. Wọ́n tún gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n tì í lọ gba wúrà rẹ̀.

Mo ti rò ó títí, mo sì rí i pé bí a bá gbé bọ́ọ̀sì yìí kúrò nínú ìtàn náà, àdánù ni. Ènìyàn kan ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní ilẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀, nítorí pé kò sí ohun kan ní àyíká rẹ̀ tí ó sọ fún un pé kí ó retí irú ọlá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń retí adé kì í tètè kúrò lójú agbo.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn. Abúlé kan tí ń jẹ́ Much Hoole, ní agbègbè Lancashire ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 19 oṣù June ọdún 1928. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí ó sì di òpin ọdún 1950 sí 1959, ó wà lára àwọn olùkọ́ òyìnbó tí wọ́n ré òkun kọjá wá kọ́ ọmọ adúláwọ̀ ní ìwé, irú àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú yín joyè akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ wọn, tí ẹ jẹ ẹgba lọ́wọ́ wọn, tí ẹ sì ń rántí wọn ní rere síbẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń pè ní Nyasaland nígbà náà, tí ó di Màláwì nígbà tí ó gba òmìnira ní ọdún 1964, ni ó lọ. Ibẹ̀ ni ìjàm̀bá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi fi ayé sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ikú tí ì bá pani, bí ó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ ni à ń dú. Èmi náà a máa fi òwe yìí tu àwọn ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì kì í ṣe fìlà. Ẹni tí ó ń dúró níwájú pátákó kọ́ ọmọ ní ìwé ní àárọ̀, tí ó wá di pé bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un ní itan kò ní mọ̀, kì í ṣe ẹni tí a ń yára pa òwe ọpẹ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ara ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Nínú ihò eegun ẹ̀yìn wa ni mùdùnmúdùn kan wà tí ó ti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ wá. Òun ni ó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, òun náà ni ó ń gbé ìròyìn ìrora àti ti ooru àti ti òtútù padà wá. Òun gan-an ni mo ń pè ní ọsán ara. Bí ó bá já, gbogbo ibi tí ó wà nísàlẹ̀ ibi tí ó ti já kò ní gbọ́ àṣẹ mọ́, kò sì ní mú ìròyìn wá. Kì í ṣe àìlèrìn nìkan ni ó sì ń pa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Nítorí pé kò sí ìrora, ẹni náà kò mọ̀ pé ìdí òun ti ń jẹrà lórí ibùsùn. Nítorí pé kò lè tọ̀ bí ó ti yẹ, ìtọ̀ yóò bàjẹ́ sínú, yóò ba kíndìnrín jẹ́. Kí ọdún 1944 tó dé, ẹni tí irú èyí bá ṣe, ẹni ikú ni. Àwọn oníṣègùn fúnra wọn a sì máa wò ó bí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀.

Ọkùnrin kan wà tí a kò lè sọ ìtàn yìí kí a má dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá yin ọfà tí kò yin alágbẹ̀dẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ludwig Guttmann ni. Júù ni, ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1899, oníṣègùn iṣan àti ọpọlọ ni, ó sì gbajúmọ̀ ní ìlú Breslau kí Hitler tó gba ìjọba. Ní òru ọjọ́ 9 oṣù November ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń dáná sun ilé ìjọsìn àwọn Júù kiri ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n sì ń kó àwọn ọkùnrin wọn lọ, ó pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá sá wọlé, kí wọ́n fún un ní ibùsùn, kí wọ́n má bèèrè ohun tí ń ṣe é. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé ní òwúrọ̀, ó mú wọn láti ibùsùn kan dé èkejì, ó ń dárúkọ àrùn tí ó wá sí i lọ́kàn fún olúkúlùkù, àwọn bí ọgọ́ta ni ó sì fi ọgbọ́n yìí gbà sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni òun pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá wá sí Oxford. Àtìpó tí a lé kúrò nílé rẹ̀, òun ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ṣe lé lọ́wọ́: kí ó dá ibi ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tí ọta ìbọn ti ba eegun ẹ̀yìn wọn jẹ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù February ọdún 1944 ni ó ṣí i, ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville, lẹ́bàá ìlú Aylesbury.

Ohun tí ó ṣe níbẹ̀ kò ní idán nínú. Ó ní kí wọ́n máa yí aláìsàn kọ̀ọ̀kan padà ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru, kí ìdí rẹ̀ má baà jẹrà. Òun fúnra rẹ̀ a sì máa yọ sí àwọn nọ́ọ̀sì lóru láti wò ó bóyá wọ́n sùn. Nígbà tí wọn kò kú mọ́, ó ní kí wọ́n dìde ṣiṣẹ́: àwọn kan ń kan igi, àwọn kan ń tún aago ṣe, àwọn kan ń tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ. Oníkanra ni, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ọ̀lẹ, síbẹ̀ “Poppa” ni àwọn aláìsàn rẹ̀ ń pè é, èyí tí í ṣe Bàbá. Ní ọjọ́ kan ó rí àwọn kan nínú wọn tí wọ́n ń fi orí ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn gbá nǹkan róbótó kan kiri ilẹ̀, wọ́n jókòó sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ń pariwo bí ọmọ iléèwé, ó sì rí i pé oògùn tí òun ń wá kò sí nínú ìgò.

Ọfà títa ni ó fẹ́ràn jù nínú gbogbo eré tí ó fi wọ́n sí, ìdí rẹ̀ sì yé ẹni tí ó bá mọ ọrun. Ẹni tí ó dúró, ìbàdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń di ilẹ̀ mú nígbà tí ó bá fa ọsán. Ẹni tí kò ní agbára ní ìbàdí, bí ó bá ti ń fa ọsán ni ọrun fúnra rẹ̀ yóò máa wọ́ ọ ṣubú, àfi bí ó bá kọ́ èjìká àti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Nítorí náà, bí ènìyàn ti ń ta ọfà ni ó ń tún ara rẹ̀ kọ́ bí a ti ń jókòó. Kì í tún ṣe bí eré sísá: láàárín ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí ó dúró, ọfà kò mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Àwa ọmọ Yorùbá, tí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì jẹ́ òrìṣà wa, tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba kò sì gbàgbé ọrun àti ọfà rẹ̀ títí dòní, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Ọjọ́ 29 oṣù July ọdún 1948, ní ọjọ́ náà gan-an tí Ọba George Kẹfà ń ṣí eré Òlíńpíìkì ní London, ni Guttmann kó àwọn ènìyàn 16 jọ sórí koríko Stoke Mandeville, ọkùnrin 14 àti obìnrin méjì, ó ní kí wọ́n fi ọfà bá ara wọn díje. Ẹ sì gbọ́ ohun tí ó mú inú mi dùn: ọjọ́ náà ni wọ́n fi fa bọ́ọ̀sì kan lé àwọn aláìsàn náà lọ́wọ́, bọ́ọ̀sì tí wọ́n tún ṣe fún irú wọn, kí wọ́n lè máa jáde lọ wo ayé. Bọ́ọ̀sì ni eré yìí bá wáyé.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Nílẹ̀ wa, a gbà pé ẹni òrìṣà ni arọ àti abuké àti àfín. Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹmu ni ó mu yó lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í fi ẹnu kan ẹmu. Ìgbàgbọ́ yìí ní iyì tirẹ̀, nítorí pé kò jẹ́ kí ọmọ tí a kọ́ nílé fi arọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ojú wa náà ni ó ṣe: ọ̀wọ̀ kì í pẹ́ di ọrẹ, ọrẹ kì í sì í pẹ́ di igbá alágbe lẹ́bàá ọ̀nà. A bọ̀wọ̀ fún wọn, a fún wọn ní kọ́bọ̀, a kò fún wọn níṣẹ́. Guttmann kò júbà ẹnikẹ́ni, kò sì ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ó gbé ọrun fún wọn, bí wọ́n bá ta á tì, ó bá wọn wí.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni wọ́n gbé Margaret wá láti Nyasaland ní ọdún 1959. Ibẹ̀ ni ó ti di ọrun mú, níbi tí eré kò ti yàtọ̀ sí egbòogi, tí kò sí aláìsàn tí a ń bi léèrè bóyá ó wù ú. Olùkọ́ tún di akẹ́kọ̀ọ́: ó tún kọ́ bí a ti ń jókòó, bí a ti ń wọ aṣọ, bí a ti ń ti kẹ̀kẹ́, nínú gbogbo rẹ̀, ọfà ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ. Kí ọdún méjì tó pé tí ìjàm̀bá náà ṣẹlẹ̀, ó ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ń lọ sí Róòmù.

Ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀, òun nìkan tó ìtàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè ní ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fi gbé àwọn eléré náà dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí wọ́n dé Róòmù, wọ́n bá a pé orí òpó ni wọ́n kọ́ àwọn ilé tí wọn yóò sùn sí, àtẹ̀gùn ni a sì ń gbà gòkè. Kò sí ẹni tí ó rò ó tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ yóò gbé ibẹ̀. Ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ ogun Ítálì wá, àwọn ni wọ́n ń gbé wọn sókè gbé wọn sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ eré náà, tàgatàga. Èyí ni mo rò nígbà tí mo sọ fún yín pé kò sí ohun kan tí ó sọ fún Margaret kí ó retí ọlá. Síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú wá wo bí wọ́n ti ṣí eré náà. Póòpù John Kẹtàlélógún pẹ̀lú gbà wọ́n lálejò, ó sì fi Guttmann wé Coubertin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó jí eré Òlíńpíìkì dìde.

Wúrà méjì ni Margaret mú bọ̀. Èkejì, inú omi ni ó ti gbà á, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n 50 mítà, òun nìkan ṣoṣo ni ó sì wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Mo mọ̀ pé aláwàdà kan yóò ní ta ni kì í ṣe ipò kìn-ín-ní nígbà tí ó bá ń dá eré sá. Èmi kò ní bá a jiyàn púpọ̀. Mo kàn ní kí ó so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ òkúta, kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ó lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì, kí ó tó wá rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní Róòmù ní oṣù kan náà tí n kò lè fò kọjá. Ní ọjọ́ 10 oṣù September yẹn, ọjọ́ mẹ́jọ kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ogun Etiópíà kan tí ń jẹ́ Abebe Bikila sá eré máratónì láìwọ bàtà, lórí òkúta ọ̀nà Róòmù, ó sì borí gbogbo ayé. Ẹsẹ̀ Áfíríkà ni gbogbo ènìyàn ń sọ ní Róòmù lọ́sẹ̀ náà. Ó tún borí ní Tokyo ní ọdún 1964. Ní ọdún 1969, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ dà nù lójú ọ̀nà nílé, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, ẹsẹ̀ tí ó sáré ní Róòmù kò sì gbé e mọ́. Níbo ni ẹ rò pé wọ́n gbé e lọ? Stoke Mandeville náà ni. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Bikila ọmọ Etiópíà wà lórí kẹ̀kẹ́ níbi eré Stoke Mandeville, ó ń ta ọfà. Ọmọ òyìnbó tí ọsán rẹ̀ já ní Áfíríkà, ọmọ Áfíríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ìlú òyìnbó, ọrun kan náà ni ilé ìwòsàn kan náà gbé fún àwọn méjèèjì. Ọdún 1973 ni Bikila kú, ẹni ọdún 41 péré. Mo máa ń rò ó bóyá bí ó bá pẹ́ bíi Margaret, kí ni ojú wa kì bá rí.

Ti Margaret pẹ́, ní tòótọ́. Kò dúró sórí wúrà Róòmù. Ní Heidelberg, ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1972, ó gba wúrà nínú eré kan tí wọ́n ń pè ní dartchery, nínú èyí tí a ti ń ta ọfà sí ojú-àmì tí wọ́n kun bí pátákó tí àwọn òyìnbó ń sọ abẹ́rẹ́ onírù lù nílé ọtí. Wọn kì í ṣe eré náà mọ́ lónìí. Ní Arnhem, ilẹ̀ Hóláńdì, ní ọdún 1980, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó gba òmíràn níbi tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù wúwo lórí koríko. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wúrà mẹ́rin àti fàdákà méjì ni. Oṣù March ọdún 1980 náà ni Poppa Guttmann kú, oṣù díẹ̀ ṣáájú Arnhem. Ọbabìnrin ti fi í joyè Sir ní ọdún 1966.

Orúkọ Paralíńpíìkì tí mo ti ń dá láti òwúrọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ọdún 1984 ni ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì tó fọwọ́ sí i, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni eré tí ó ń bá Òlíńpíìkì rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Láti Seoul ní ọdún 1988 ni àwọn méjèèjì ti ń pín pápá kan náà lò ní ìlú kan náà. Ọ̀nà tí Margaret àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ là yìí ni Ade Adepitan tọ̀ nígbà tirẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé lọ sí London, tí ó sì bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n orí kẹ̀kẹ́ ti Bìrìtéènì gba idẹ ní Athens ní ọdún 2004.

Ọjọ́ 20 oṣù May ọdún 2020 ni Margaret Maughan dákẹ́, ní ẹni ọdún 91. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ojú òkú wò ó lálẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn ní ọdún mẹ́jọ.

Ní oṣù August ọdún 2012, eré Paralíńpíìkì padà wá sí ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Orí òkè mẹ́rin tí ó ga jù ní ìhà mẹ́rin ilẹ̀ Bìrìtéènì ni wọ́n ti dá iná, wọ́n kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ọ̀kan ní Stoke Mandeville, lórí ilẹ̀ tí ọfà 1948 ti fò, wọ́n sì gbé e rìn lóru mọ́jú dé London. Àwọn eléré tí ó lé ní 4,000 ni ó dé, láti orílẹ̀-èdè 164. Ní alẹ́ ọjọ́ 29, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí eré náà, ọ̀kẹ́ mẹ́rin ènìyàn sì wà lórí ìjókòó. Ọmọ ogun kan tí àdó olóró ti gé lẹ́sẹ̀ méjèèjì ní Afghanistan fi okùn rọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí ilé gogoro kan, iná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e fún agbábọ́ọ̀lù kan tí ojú rẹ̀ kò ríran. Afọ́jú náà gbé e fún arúgbó obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ẹni ọdún 84.

Ó na iná náà sí ewé bàbà kan ṣoṣo lára ewé bàbà tí wọ́n tò sílẹ̀ bí òdòdó, ọ̀kan fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Iná ràn láti ara ìyẹn dé ara èkejì, títí gbogbo wọn fi jó yíká, tí wọ́n sì dìde pọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n fi di iná kan. Gbogbo pápá náà hó yèè. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó ní láti wá a lọ sínú bọ́ọ̀sì.